Kẹ́ẹ̀gì Epo Tí Mo Fi Tọrẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà láyà mi tí n kò lè sọ láti ọdún mélòó kan. Ọkọ mi nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún, kò sì tíì pẹ́ tí mo sọ ọ́. N kò ní dárúkọ ara mi. Orúkọ tí mo fi pe àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà, mo ti yí i padà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé báyìí ni pé wọ́n pè mí sí ìpàdé kan ní Jikwoyi, ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Bí mo bá tún ẹ̀rí tí mo jẹ́ nígbà kan sọ, irọ́ ni. Bí mo bá sọ òtítọ́, n kò mọ ibi tí màá forí pamọ́ sí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Life Camp ní Àbújá ni à ń gbé. Ọmọ Okun ni wá, láti apá Kábà. Àwọn ọmọ wa ti wà ní yunifásítì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ń bá àwọn tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń gbé e kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ kì í sọ nǹkan nù. Ìṣó tó ti dógùn-ún, ó máa tọ́jú rẹ̀. Táyà tó ti jẹ tán, ó máa ní ó ṣì máa wúlò. Gáréèjì ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ilé yẹn, mọ́tò wa ló ń sùn níbẹ̀. Nígbà tó yá, mọ́tò ń sùn nínú òjò, ẹrù àtijọ́ ló ń sùn lábẹ́ òrùlé.

Jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wà níbẹ̀. Fíríìjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti yọ wà níbẹ̀, àti kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ gùn ní kékeré, páálí ìwé, agolo ọ̀dà tó ti gbẹ, páìpù, àti kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì pọ̀. Ọdún yẹn ni ọ̀wọ́n bẹntiróòlù mú gbogbo Àbújá, tí àwọn ènìyàn ń tò sí ilé epo láti àárọ̀. Ọkọ mi máa ń ra bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì pamọ́ fún jẹnẹrétọ̀ wa. Kẹrosíìnì náà wà níbẹ̀, torí sítóòfù ni mo fi ń se ẹ̀wà àti ohun tó máa ń pẹ́ lórí iná. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo kẹ́ẹ̀gì yẹn. Òun nìkan ló mọ èyí tó jẹ́ kẹrosíìnì àti èyí tó jẹ́ bẹntiróòlù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ mú ìgbálẹ̀ nínú gáréèjì, ejò kan sì yọ lábẹ́ fíríìjì. Mẹ́gáàdì ilé kejì ló bá mi pa á. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, mo ní kó jẹ́ kí n kó ìdọ̀tí yẹn dànù. Ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkankan títí òun máa fi dé. Mo sì mọ̀ pé bó bá ti dé, kò sí ohun tó máa kúrò níbẹ̀. Ni mo bá pinnu pé kó tó dé ni màá ṣe é.

Obìnrin kan ń bá mi fọṣọ. Ìyá Bàsírà ni à ń pè é, ọmọ Ìwó ni. Jikwoyi ló ń gbé pẹ̀lú Bàsírà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ tipẹ́. Ó máa ń pè mí ní Mọ́mì bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ràn mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Mo ní ohunkóhun tó bá wù ú nínú ohun tí a bá kó jáde, kó máa mú un lọ sílé.

A ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. A kó gbogbo nǹkan jáde sí àgbàlá. Ohun tí a máa tọ́jú, a kó o sí ẹ̀bá ògiri. Ohun tí a máa dànù, a kó o sí ẹnu géètì. Ohun tí a máa fi tọrẹ, a kó o sí abẹ́ igi máńgòrò. Àwọn Hausa tó máa ń ti bàrò kiri ra irin àtijọ́, àwọn tí à ń pè ní mai bola, wá gbé fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ lọ. Mo ti bẹ káfíńtà kan tẹ́lẹ̀, ó wá kan pẹpẹ mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìyá Bàsírà gun kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ mi yí àgbàlá ká, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn wà lára ohun tó ń dùn mí.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó ku kẹ́ẹ̀gì. Wọn ò kún. Òmíràn ò ju ìdajì lọ, òmíràn ò ju díẹ̀ lọ ní ìsàlẹ̀. Wọ́n ń gba àyè lórí pẹpẹ mi tuntun. Mo ní kí n da àwọn tó jọ ara wọn pọ̀, kí n lè sọ àwọn tó bá ṣófo nù. Mò ń gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó dà wọ́n. Àmọ́ gbogbo ibẹ̀ ló ti ń rùn, ọ̀dà ń rùn, epo tó dà sílẹ̀ lára jẹnẹrétọ̀ ń rùn. Kẹ́ẹ̀gì tí mo pè ní ti kẹrosíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nígbà tí mo da èyí tó kẹ́yìn sí i. Bó ṣe ń dà wọlé, òórùn kan tó jọ ti bẹntiróòlù ta sí mi nímú.

Mo dá ọwọ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe pé n kò fura. Mo fura. Mo mú fóònù jáde nínú àpò kí n lè pe ọkọ mi, kí n bi í léèrè kẹ́ẹ̀gì wo ni kẹ́ẹ̀gì wo. Mo tún rò ó pé bí mo bá pè é, ó máa bi mí pé kí ni mò ń fi kẹ́ẹ̀gì òun ṣe. Á mọ̀ pé mo ti kó ẹrù òun dànù, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Mo dá fóònù padà sápò. Mo sọ fún ara mi pé òórùn gáréèjì ni.

Ìyá Bàsírà mú sítóòfù mi àtijọ́ tó wà lábẹ́ máńgòrò. Ó ní tòun ti ń jò. Ó ní kẹrosíìnì ti wọ́n jù, pé ìgò kan lòun rà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sì ní pẹ́ tán. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn fún un. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó bi mí bóyá kẹrosíìnì ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá takisí fún un, a kó ẹrù rẹ̀ sí i. Mo dúró sẹ́nu géètì, mò ń wo gáréèjì mi tó mọ́ tónítóní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, fóònù mi dún. Ohùn obìnrin kan tí n kò mọ̀ ni mo gbọ́. Ó ní alábàágbé Ìyá Bàsírà lòun. Ó ní sítóòfù ti bú gbàmù mọ́ Bàsírà, pé wọ́n ti gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù, pé nọ́ńbà mi ni Ìyá Bàsírà ní kí wọ́n pè. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. N kò béèrè ohun tó fà á. Mo ti mọ̀.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ti wé ọwọ́ òsì Bàsírà àti ọrùn rẹ̀ títí dé àgbọ̀n. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí kiri. Ìyá rẹ̀ náà jóná lọ́wọ́ méjèèjì nítorí pé aṣọ ló fi ń bo iná tó wà lára ọmọ. Àwọn obìnrin méjì láti àdúgbò wọn jókòó tì wọ́n. Ìyá Bàsírà sọ fún mi pé kẹrosíìnì tóun rà lọ́wọ́ Àlàmú tó ń tà á ládùúgbò wọn ló kọ́kọ́ wà nínú sítóòfù, pé nígbà tó kù díẹ̀, Bàsírà bu lára tèmi kún un, ó sì ṣáná.

Ó wá wò mí. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ènìyàn ló fi wò mí. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Mọ́mì, èyí tí ẹ fún mi yẹn, ṣé ẹ̀yin náà ti ń lò ó nílé?"

Àwọn obìnrin méjì yẹn yíjú sí mi.

"Òun náà là ń lò," mo ní. "Àná ni mo fi se ẹ̀wà, kò ṣe mí ní nǹkankan. Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún ẹ ni kí ẹ lọ bá."

Mo sọ ọ́. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Ọ̀rọ̀ náà kàn jáde lẹ́nu mi bí ẹni tó ti múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí n bá wọn lọ mú aṣọ ní Jikwoyi. Yàrá kan ṣoṣo ni. Iná ti mú ògiri dúdú. Kẹ́ẹ̀gì mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú búùtù mọ́tò mi. Nígbà tí mo kúrò ládùúgbò yẹn, mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sì ju kẹ́ẹ̀gì náà sí orí ààtàn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé láti wo yàrá náà, ìgò tí wọ́n fi ra kẹrosíìnì Àlàmú nìkan ni wọ́n bá.

Àlàmú jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn. Kẹrosíìnì ló ń tà nínú dúrọ́ọ̀mù níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọsibítù ti dé àdúgbò ṣáájú mi, ẹnu àwọn obìnrin méjì yẹn ló gbé e lọ. Àwọn ènìyàn ya bo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n lù ú, wọ́n da epo rẹ̀ sílẹ̀, kí ọlọ́pàá tó wá mú un. Wọ́n pe èmi náà sí àgọ́ ọlọ́pàá kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ojú rẹ̀ kan ti dí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Mọ́mì. Inú dúrọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo àdúgbò ti ń rà. Kò jó ẹlòmíràn."

Òótọ́ ló ń sọ. Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo gbójú kúrò lára rẹ̀. Ohun tí mo sọ ní ọsibítù náà ni mo sọ fún ọlọ́pàá.

Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Ó wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Jikwoyi tó wá lọ́yà fún un, tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹ̀rí tó tó. Ìyá rẹ̀ kú ní Ìsẹ́yìn nígbà tó wà lẹ́wọ̀n. Òun ni àkọ́bí, wọ́n sin ìyá náà láìsí i níbẹ̀. Ẹnu Ìyá Bàsírà ni mo ti gbọ́ ìyẹn. Ó ní Ọlọ́run ló ń san án fún un. Mo ní àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sí ìyangàn. Èmi ni mo sanwó ọsibítù. Nígbà tí ara Bàsírà yá, mo bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ mi, kó lè lọ sí iléèwé tó dára. Láti ìgbà yẹn ló ti wà nílé wa. Mùsùlùmí ni, Kìrìsìtẹ́nì ni wá, mo sì ra ẹní ìkírun fún un. Gbogbo ènìyàn ń yìn mí. Pásítọ̀ wa pè mí jáde níwájú ìjọ, ó ní kí àwọn obìnrin wo àwòkọ́ṣe. Mo dúró níbẹ̀, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́, òógùn ń ṣàn ní ẹ̀yìn mi.

Ọkọ mi kò bínú nígbà tó dé. Ó wo pẹpẹ, ó wo ilẹ̀, ó ní n kò ṣe é burú. Ó béèrè kẹ́ẹ̀gì, mo ní mai bola kó wọn lọ. Àwọn aládùúgbò máa ń wá wo gáréèjì wa kí wọ́n lè ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Èmi kì í fẹ́ wọ ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá kan géètì, àyà mi á já. Bí mo bá rí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, màá rò pé èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá mú. Mo ti fi sítóòfù sílẹ̀, gáàsì ni mò ń lò. Síbẹ̀, bí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì lára aṣọ ènìyàn nínú ọjà, màá sá kúrò níbẹ̀.

Àlàmú ti padà sí Jikwoyi báyìí. Kò wá jà. Ó lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ Yorùbá, ó ní òun fẹ́ gbé Kùránì búra níwájú gbogbo ènìyàn pé òun ò fi bẹntiróòlù lú kẹrosíìnì rí. Ó ní òun ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orúkọ òun lòun fẹ́ gbà padà kí òun lè ríyàwó fẹ́. Àwọn àgbà gbà fún un. Wọ́n ní àwọn tó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bàbá alága ló pè mí lórí fóònù, ó fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní èmi ni àwọn ń wò bí ẹlẹ́rìí, nítorí mo ṣe ìyá fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí n kàn wá sọ ohun tí mo sọ nígbà yẹn.

Ìyẹn ló mú mi sọ fún ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú pálọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ejò dé orí ààtàn. Ó bi mí pé ta ló tún mọ̀. Mo ní kò sí.

"Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bí o bá la ẹnu rẹ ní Jikwoyi, ìwọ ni wọ́n máa gbé lọ sí ibi tí wọ́n gbé e lọ. Epo ta ni? Epo mi ni. Wọ́n á mú èmi náà. Ọmọ yẹn ló sì máa kọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé yìí."

Ẹ̀wọ̀n ń bà mí lẹ́rù. Àmọ́ ohun tó sọ kẹ́yìn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Bàsírà ti dàgbà. Ó ń múra ìdánwò àṣejáde. Ó máa ń fa híjáàbù rẹ̀ síwájú kí àpá ọrùn rẹ̀ má bàa hàn. Ó ti gbọ́ nípa ìpàdé yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sì ní òun máa bá mi lọ. Lánàá, mò ń bó iṣu, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti ń wò mí láti ọjọ́ mélòó kan, ó ti rí i pé ara mi ò balẹ̀. Àbújá ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara. Ó he ọ̀bẹ náà, ó rò pé Àlàmú ni mò ń bẹ̀rù.

"Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù ọkùnrin yẹn," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ yín ni èmi máa jókòó. Èmi máa di ọwọ́ yín mú tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún Bàsírà àti ìyá rẹ̀ nílé kí ọjọ́ Àìkú tó pé, kí n sì fara mọ́ ohun tí wọ́n bá ṣe sí mi? Àbí níwájú gbogbo ènìyàn ló yẹ kí n ti sọ ọ́, níbi tí Àlàmú náà ti máa gbọ́? Ọkọ mi ní kí n dákẹ́, kí n ní ara mi ò yá. Mo ti gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì láti pe alága kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo sì tún gbé e kalẹ̀.

Àlàmú, bí ẹnì kan bá ka èyí fún ọ, orúkọ tí mo fún ọ níhìn-ín kì í ṣe tìrẹ, ṣùgbọ́n wàá mọ̀ pé ìwọ ni. Kẹrosíìnì rẹ ò ní àbùkù kankan. Mo mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí o dọ̀bálẹ̀ fún mi. Jọ̀ọ́, má tíì búra. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí Ọlọ́run bá lè bá mi la ẹnu mi.